Bí Ẹ Ṣe Lè Gba Medicaid Tàbí CHIP Fún Ọmọ Yín ní Amẹ́ríkà

Ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ ọmọ, ọ̀tọ̀ ni ti òbí. Bí ẹ kò bá rí nǹkan mìíràn mú nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, ẹ di èyí mú. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n lè sọ fún bàbá pé owó tó ń wọlé fún un ti pọ̀ jù, wọ́n lè sọ fún ìyá pé green card rẹ̀ kò tíì pé ọdún márùn-ún, kí ọmọ tí àwọn méjèèjì bí sì ní ẹ̀tọ́ kíkún sí adójútòfò ìlera ti ìjọba. Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa tí mo máa ń bá kún fọ́ọ̀mù ti ń pàdánù nìyẹn: wọ́n kọ̀ fún òbí, òbí ká fọ́ọ̀mù kúrò nílẹ̀, ọmọ wá ń fi ikọ́ jókòó sílé nítorí pé owó dókítà ń ba ìyá rẹ̀ lẹ́rù. Ẹ̀tọ́ ọmọ ni. Ẹ bá a gbà á.

Ètò méjì ló wà. Medicaid ni èkíní, Ààrẹ Lyndon Johnson ló buwọ́ lù ú ní 1965. Èkejì ni CHIP, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1997 nítorí àwọn ọmọ tí owó òbí wọn ju ti Medicaid lọ díẹ̀, àmọ́ tí apá wọn kò ká ínṣọ́ránsì tí àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni ń tà. Ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba ìpínlẹ̀ ló jọ ń náwó sí i, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ ló ń ṣàkóso rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ohun tí ẹ̀gbọ́n yín ní Maryland bá sọ fún yín fi lè má rí bẹ́ẹ̀ ní Texas tí ẹ̀yin wà. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n kà sí ọmọdé nínú ètò méjèèjì. Kò sì sí àsìkò kan lọ́dún tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn. Ọjọ́ tó bá wù yín lẹ lè kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ orúkọ tí ìpínlẹ̀ yín ń pè é

Kì í ṣe gbogbo ìpínlẹ̀ ló ń pè é ní Medicaid. Medi-Cal ni ní California, MassHealth ni ní Massachusetts, NJ FamilyCare ní New Jersey, All Kids ní Illinois, Hoosier Healthwise ní Indiana. Ní Georgia, PeachCare for Kids ni CHIP tiwọn. Ní New York, Child Health Plus. Ní Florida, Florida KidCare. Mo dárúkọ wọn nítorí pé ẹlòmíràn wà lórí Medicaid tí yóò máa búra pé òun kò gbà á rí, ẹlòmíràn sì rí ìwé PeachCare tó sọ ọ́ nù pé ìpolówó ọjà ni. Bí ẹ kò bá mọ ti ìpínlẹ̀ yín, ẹ wo InsureKidsNow.gov tàbí kí ẹ pe 1-877-543-7669. Ẹ kò ní san kọ́bọ̀ lórí ìpè náà.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ṣírò owó yín bí àwọn náà ṣe ń ṣírò rẹ̀

Ẹ fara balẹ̀ níbí, nítorí ibí ni àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ ti máa ń lé ara wọn kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Lọ́dọọdún, ìjọba àpapọ̀ máa ń gbé iye kan jáde tí wọ́n fi ń díwọ̀n òṣì. Ní 2025, dọ́là 15,650 ni fún ẹnì kan ṣoṣo, wọ́n sì ń fi 5,500 kún un fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá kún ilé. Ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin wá jẹ́ 32,150. Ìpínlẹ̀ kì í dúró lórí iye yẹn, ṣe ni wọ́n ń sọ ọ́ di ìlọ́po. Ní Texas, CHIP gba ọmọ tí owó ìdílé rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì iye náà. Ní New York, ó dé ìlọ́po mẹ́rin. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bàbá, ìyá àti ọmọ méjì ní New York tí owó wọn lọ́dún 2025 tó nǹkan bí 128,000 dọ́là ṣì lè fi ọmọ wọn sínú ètò ìjọba, kí wọ́n máa san owó kékeré lóṣù. Ẹni tó ń rí irú owó yẹn kì í pe ara rẹ̀ ní tálákà, kò sì ní rò ó láé pé ọ̀rọ̀ yìí kan òun. Ẹ má fi orúkọ "tálákà" díwọ̀n ara yín. Iye tí ìpínlẹ̀ yín fi lélẹ̀ ni kí ẹ wò, torí ó máa ń yí padà lọ́dọọdún.

Owó wo ni wọ́n ń kà? Owó tí ìjọba lè gba owó orí lé lórí ni. Bí wọ́n bá ń yọ owó ìfẹ̀yìntì 401(k) tàbí owó ínṣọ́ránsì kúrò nínú owó oṣù yín kí wọ́n tó yọ owó orí, wọn kì í ka èyí tí wọ́n yọ yẹn. Owó ìtọ́jú ọmọ tí bàbá tí kò gbé ilé ń fi ránṣẹ́, wọn kì í kà á. Owó tí ẹnìkan fi ta yín lọ́rẹ, wọn kì í kà á. Wọn kò sì ní béèrè ilé, ilẹ̀, ọkọ̀ tàbí iye tó wà ní bánkì yín láti fi díwọ̀n ọmọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó háyà tó bá ń wọlé láti ara ilé jẹ́ owó tó wọlé, ẹ gbọ́dọ̀ kọ ọ́.

Ohun kan wà tó máa ń dun àwọn ènìyàn wa, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí màmá nílé lóṣooṣù, wọn kò ní yọ ọ́ kúrò. Lójú tiwọn, ọwọ́ yín ló ṣì wà. Bákan náà ni àwọn àbúrò tí ẹ ń rán nílé ìwé nílé kò lè wọ iye ènìyàn tí ẹ máa kọ. Ẹni tí ẹ bá kọ sínú ìwé owó orí yín ni wọ́n ń kà sí ará ilé. Màmá tó wá kí omugo, tó máa padà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kò sí nínú rẹ̀.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ara wọn ló yẹ kí wọ́n ṣọ́ra jù lọ. Ẹ jẹ́ ká mú ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún kan ní Houston, Texas: bàbá ń wa Uber, ìyá ń tọ́jú àgbàlagbà, ọmọ mẹ́ta, ẹni tó kéré jù ti pé ọdún méjì. Lọ́dún 2025, 58,000 dọ́là ni Uber kọ pé bàbá pa. Ìyá gba 26,000. Bí wọ́n bá kó méjèèjì pọ̀, 84,000 ni. Fún ẹni márùn-ún, 37,650 ni òṣùwọ̀n ọdún náà, ìlọ́po méjì rẹ̀ sì jẹ́ 75,300. Bí bàbá bá kọ 84,000 sílẹ̀, "owó yín ti pọ̀ jù" ni èsì tí yóò bọ̀ wálé. Ṣùgbọ́n 58,000 yẹn kọ́ ni owó bàbá. Ẹ yọ èyí tí Uber mú, ẹ yọ epo, táyà, àtúnṣe, ínṣọ́ránsì ọkọ̀, tàbí kí ẹ lo iye tí ìjọba fọwọ́ sí fún máìlì kọ̀ọ̀kan. Bí ìnáwó iṣẹ́ bá jẹ́ 27,000, èrè 31,000 ló kù, èyí sì ni ìwé owó orí rẹ̀ yóò gbé. Èrè náà pẹ̀lú ti ìyá jẹ́ 57,000. Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè wọ CHIP tàbí Medicaid, láìsí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Bàbá tó bá ń kọ máìlì rẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́, tó sì ń kó rìsíìtì pamọ́, ló máa lè fi ẹ̀rí gbe èyí lẹ́yìn bí wọ́n bá béèrè.

Irọ́ ńkọ́? Ẹ má pa á. Ẹ má yọ ọkọ kúrò nínú ilé tó ń gbé, ẹ má sì lo àdírẹ́sì ẹlòmíràn. Òfin lè mú ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì lè ba ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú rẹ̀ jẹ́. Ìṣirò tó tọ̀nà máa ń tó fún ọ̀pọ̀ ìdílé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ mọ ibi tí ìwé ìgbélùú ẹnì kọ̀ọ̀kan dé

Ọmọ tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà, ọmọ Amẹ́ríkà ni. Ìwé òbí rẹ̀ kò dín ẹ̀tọ́ rẹ̀ kù. Lórí fọ́ọ̀mù, ìbéèrè kan wà lábẹ́ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé: ṣé ẹni yìí ń fẹ́ ínṣọ́ránsì? Fún ọmọ, ẹ mú bẹ́ẹ̀ ni. Fún òbí tí kò béèrè fún ara rẹ̀, ẹ mú bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí ẹ bá ti mú bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn kò ní ẹ̀tọ́ láti fi dandan gba nọ́ńbà Social Security òbí náà tàbí láti béèrè irú ìwé tó fi wà nílùú. Owó tó ń wọlé fún un nìkan ni ẹ ní láti kọ. Bí òṣìṣẹ́ kan bá sọ lórí fóònù pé àfi kí ẹ mú nọ́ńbà bàbá wá, ẹ sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ọmọ nìkan lẹ ń béèrè fún, kí ẹ sì ní kó pe ọ̀gá rẹ̀.

Ọmọ tí a kó wá láti ilé ńkọ́? Ìpínlẹ̀ tó ju ọgbọ̀n lọ ló ti yàn láti gba ọmọ tó bá wà nílùú pẹ̀lú ìwé, láìjẹ́ kó dúró fún ọdún márùn-ún tí wọ́n ń fi mú àgbàlagbà tó ní green card. Nínú irú ìpínlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ tó bá akẹ́kọ̀ọ́ wọlé lórí físà lè wọ̀ ọ́ bí físà náà bá ṣì ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n sì gbà pé ará ìpínlẹ̀ ni. California, Illinois, New York, Oregon àti Washington tilẹ̀ ń fi owó ara wọn tọ́jú ọmọ tí kò ní ìwé rárá. Ẹ béèrè ti ìpínlẹ̀ yín kí ẹ tó gbà pé kò sí.

Ní ti àgbàlagbà, nǹkan ti le sí i. Òfin tí Ààrẹ Trump buwọ́ lù ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje 2025 sọ pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 2026, ọ̀pọ̀ àwọn tó sá wá fún ààbò, tí wọn kò tíì gba green card, yóò bọ́ kúrò nínú Medicaid. Àmọ́ òfin náà kò gba àyè tí ìpínlẹ̀ ní láti tọ́jú ọmọdé àti aláboyún tó wà nílùú pẹ̀lú ìwé.

Aláboyún tí kò ní ìwé, tí owó rẹ̀ kò sì ju ti ìpínlẹ̀ lọ, Medicaid ti pàjáwìrì máa ń san owó ìgbẹ̀bí rẹ̀. Bí Medicaid bá san owó ìgbẹ̀bí, ì báà jẹ́ ti pàjáwìrì, ọmọ náà ti wọlé fúnra rẹ̀ títí di ọjọ́ tó máa pé ọdún kan, láìkún fọ́ọ̀mù tuntun. Ẹ ṣáà rí i pé òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn fi orúkọ ọmọ ránṣẹ́ sí ìpínlẹ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn gan-an: ṣé ẹ ti rán an?

Ọ̀rọ̀ kan tí ń kó jìnnìjìnnì bá àwọn ènìyàn wa ni pé gbígba Medicaid yóò dí green card lọ́wọ́. Ohun tí ìlànà 2022, èyí tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹni tó ń béèrè green card yóò di ẹrù lọ́rùn ìjọba (public charge), sọ ni pé Medicaid tí ọmọ gbà kì í ṣe ohun tí wọ́n máa kà sí òbí lọ́rùn, àti pé fún ẹni tó ń béèrè fúnra rẹ̀, ìtọ́jú ọlọ́jọ́ pípẹ́ nínú ilé ìtọ́jú lórí owó ìjọba nìkan ni wọ́n ń kà nínú Medicaid. Ní oṣù Kọkànlá 2025, ìjọba gbé àbá jáde láti pa ìlànà yẹn rẹ́. Ẹni tó ti ní green card tó fẹ́ di ọmọ ìlú, wọn kì í fi àyẹ̀wò yìí dán an wò. Bí gbogbo ilé bá jẹ́ ọmọ ìlú tàbí onígreen card, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí ẹnìkan nínú ilé bá ń retí green card tàbí tí kò ní ìwé, ẹ kọ́kọ́ bá agbẹjọ́rò ìgbélùú sọ̀rọ̀, nítorí pé ní 2025 kan náà, ìròyìn jáde pé wọ́n fi àkọsílẹ̀ Medicaid lé àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìgbélùú lọ́wọ́, ẹjọ́ rẹ̀ sì dé kóòtù. Mi ò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín. Mo fẹ́ kí ìpinnu yín ti ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ òfin wá, kó má jẹ́ ohun tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ kó ìwé jọ

Èyí kò le. Ìwé ìbí ọmọ tàbí ìwé ìrìnnà rẹ̀, nọ́ńbà Social Security rẹ̀, ìwé owó oṣù ti oṣù tó kọjá, ìwé owó orí ti ọdún tó kọjá fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀, ohun tó fi hàn pé inú ìpínlẹ̀ lẹ ń gbé, àti ìwé ínṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ bí ẹ bá ní. Ọmọ tó ní ínṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ òbí ṣì lè gba Medicaid láti fi san ohun tó ṣẹ́ kù, àmọ́ kò lè gba CHIP. Bí ìwé kan kò bá tíì sí lọ́wọ́, ẹ má dúró dè é. Bó bá jẹ́ ẹ̀rí ọmọ ìlú tàbí ti ìwé ìgbélùú nìkan ló kù, wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ láti mú un wá, kí ìtọ́jú ọmọ sì ti máa lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀

Ẹ lè ṣe é lórí ojú òpó ìpínlẹ̀ yín, lórí HealthCare.gov, lórí fóònù, nípa ìwé tí ẹ fi sínú àpò lẹ́tà, tàbí kí ẹ lọ fúnra yín sí ọ́fíìsì. Bí ẹ bá bi mí léèrè, ilé ìwòsàn àdúgbò tí wọ́n ń pè ní community health center ni mo máa rán yín lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó bá ènìyàn kún fọ́ọ̀mù yìí, kì í sì í gba owó. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó kí òun tó bá yín kọ Medicaid, ẹ sá fún un.

Bí Gẹ̀ẹ́sì kò bá rọrùn fún màmá tó ń tọ́jú ọmọ, ẹ ní kí wọ́n fún un ní ògbufọ̀ Yorùbá. Ẹ̀tọ́ ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Lórí fóònù, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, "Yoruba interpreter, please", tó láti dá òṣìṣẹ́ dúró kó lọ wá ẹni tó gbọ́ èdè. Ẹ má fi ọmọ ọdún mẹ́wàá ṣe ògbufọ̀ ọ̀rọ̀ owó ilé.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fi í sílẹ̀, ẹ kọ déètì, nọ́ńbà ìdánimọ̀ fọ́ọ̀mù àti orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn sínú ìwé kan. Ọjọ́ márùndínláàádọ́ta ni òfin fún wọn láti fèsì. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ìwé kékeré yẹn ni ẹ máa mú dání.

Bí ẹ bá ti gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn kí ẹ tó kọ orúkọ rẹ̀, tí gbèsè sì wà nílẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n ti béèrè lórí fọ́ọ̀mù bóyá ẹ ní owó ìtọ́jú tí ẹ kò tíì san láàárín oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò ó. Medicaid lè padà san gbèsè náà bí ọmọ bá ti lẹ́tọ̀ọ́ nígbà yẹn. Láti oṣù Kìíní 2027, òfin tuntun máa dín oṣù mẹ́ta yẹn kù, nítorí náà ẹ yára.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Wọ́n ti gbà á, ẹ wá lò ó

Káàdì tó wà nínú dúrọ́ọ̀ kò wo àìsàn kankan. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, wọ́n máa ní kí ẹ yan ilé iṣẹ́ tí yóò máa bójú tó ìtọ́jú náà, kí ẹ sì yan dókítà ọmọ. Bí ẹ kò bá yàn, wọ́n á yàn fún yín, ó sì lè jẹ́ dókítà tó jìnnà sí ilé. Kí ẹ tó yàn, ẹ pe ọ́fíìsì dókítà tí ẹ ń fẹ́, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n ṣì ń gba ọmọ tuntun lórí ètò náà. Bí ẹ bá yàn tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ àkọ́kọ́ láti yí i padà láìsọ ìdí.

Lórí Medicaid, ẹ̀tọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní EPSDT, tó wà fún ọmọ títí dé ọdún mọ́kànlélógún. Mi ò rí ohun tó dára jù ú lọ nínú gbogbo ètò yìí. Ó sọ pé àyẹ̀wò ara, ojú, etí, eyín, abẹ́rẹ́ àjẹsára, àyẹ̀wò òjé inú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ọmọ bá pé ọdún kan àti ọdún méjì, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Bí àyẹ̀wò bá sì rí nǹkan, ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ san owó ìtọ́jú tí ọmọ náà nílò, kódà bí kì í bá ṣe ohun tí wọ́n ń san fún àgbàlagbà. Ọmọ tí kò tètè sọ̀rọ̀, ọmọ tó nílò ìgò ojú, ọmọ tó nílò ẹni tó máa kọ́ ọ bí a ṣe ń rìn: ọ̀rọ̀ tí ẹ máa fi ṣí ilẹ̀kùn ni EPSDT. Ẹ pè é lórúkọ.

Ó kan àwa Yorùbá ní pàtàkì nítorí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Gbogbo ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun wò fún un láti gìgísẹ̀ rẹ̀. Bí èsì bá sọ pé SS tàbí SC ni, ẹ má dúró títí ìrora àkọ́kọ́ á fi dé. Ẹ ní kí dókítà ọmọ fi yín ránṣẹ́ sí dókítà ẹ̀jẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Pẹnisílìn tí wọ́n máa ń fún ọmọ SS láti kékeré, àyẹ̀wò ọpọlọ tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe lọ́dọọdún láti ọmọ ọdún méjì láti mọ̀ bóyá rọpárọsẹ̀ fẹ́ ṣe é, oògùn hydroxyurea: ìtọ́jú tí ọmọ nílò ni gbogbo wọn, Medicaid sì ń san wọ́n. Òbí tó ń fi àgbo nìkan tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nítorí owó, tí Medicaid sì wà nílẹ̀, ọkàn mi máa ń gbọgbẹ́ fún un.

Bí kò bá sí ọkọ̀ nílé, Medicaid ní ètò ọkọ̀ tó ń gbé ènìyàn lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ pè wọ́n ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Ní ti owó, ọ̀pọ̀ ọmọ kì í san nǹkan kan lórí Medicaid. Lórí CHIP, ẹ lè san díẹ̀, àmọ́ gbogbo ohun tí ẹ máa san lọ́dún kò gbọ́dọ̀ ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó ìdílé lọ, àyẹ̀wò ọmọ aláìṣàìsàn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára sì jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ máa tú lẹ́tà wọn

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2024, ọmọ tó bá wọlé máa lo oṣù méjìlá gbáko, kódà bí owó òbí bá gòkè láàárín. Àfi bó bá kúrò ní ìpínlẹ̀ tàbí tó pé ọdún mọ́kàndínlógún. Lẹ́yìn oṣù méjìlá ni wọ́n tún máa ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Nígbà àrùn Kòrónà, òfin kò jẹ́ kí wọ́n yọ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí òfin náà parí ní ìparí oṣù Kẹta 2023, ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ gbogbo orúkọ wò, wọ́n sì yọ ènìyàn tó ju mílíọ̀nù 25 lọ. Bíi méjì nínú mẹ́ta wọn ló jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìwé ló lé wọn: fọ́ọ̀mù kò padà, lẹ́tà lọ sí àdírẹ́sì àtijọ́, ẹnìkan gbàgbé láti fọwọ́ sí i. Ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ wádìí bóyá wọ́n ṣì lẹ́tọ̀ọ́.

Lẹ́tà náà kì í pariwo. Àpò funfun lásán ni, tó ní fèrèsé ráńpẹ́, tó wọlé pẹ̀lú ìwé ìpolówó písà àti ti káàdì bánkì. Orúkọ ọmọ lè jẹ́ èyí tó wà lókè rẹ̀, kí bàbá sì rò pé ti ilé ìwé ni. Ẹ tú u. Bí ó bá sọ pé wọ́n ti tún un ṣe fúnra wọn, ẹ kàn yẹ ohun tí wọ́n kọ wò kí ẹ tún àṣìṣe ṣe. Bó bá jẹ́ fọ́ọ̀mù ló wà nínú rẹ̀, ó kéré tán ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín. Ẹ kún un, ẹ fọwọ́ sí i, ẹ ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Bí ẹ bá kó kúrò nílé, ẹ fi àdírẹ́sì tuntun tó ìpínlẹ̀ létí fúnra wọn, nítorí pé bí ẹ bá sọ fún ilé ìfìwéránṣẹ́ nìkan, kò tó.

Láti ìparí 2026 lọ, àgbàlagbà tó wọlé nítorí pé ìpínlẹ̀ fẹ Medicaid lójú yóò máa gba àyẹ̀wò lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà, tí ọmọ yóò ṣì máa gba tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Láti 2027, wọ́n tún máa béèrè wákàtí 80 iṣẹ́ lóṣù lọ́wọ́ irú àgbàlagbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ òbí tó ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá sí ìsàlẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Lẹ́tà òbí àti lẹ́tà ọmọ kò ní máa wọlé pọ̀ mọ́. Bí wọ́n bá yọ òbí, ẹ má ṣe rò pé wọ́n ti yọ ọmọ náà nìyẹn.

Bí wọ́n bá sì yọ ọmọ nítorí fọ́ọ̀mù tí kò padà, ẹ fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́ láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò láìjẹ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Bí wọ́n bá kọ̀

Lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ìdí, kó sì sọ bí ẹ ṣe lè béèrè fún ìgbẹ́jọ́ àti iye ọjọ́ tí ẹ ní. Ẹ ka ìdí yẹn dáadáa. Mo ti rí èyí tí wọ́n ka ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún sí mẹ́ta, àti èyí tí wọ́n fi owó àjẹmọ́nú ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ṣe owó oṣooṣù. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, ìpè fóònù kan pẹ̀lú ìwé owó oṣù lè tún un ṣe.

Bí kò bá tún un ṣe, ẹ béèrè fún ìgbẹ́jọ́ lórí ìwé. Bó bá jẹ́ pé ọmọ ti wà lórí Medicaid tẹ́lẹ̀ tí wọ́n fẹ́ yọ ọ́, ẹ béèrè kí ọjọ́ tí wọ́n dá pé ó máa parí tó pé, kí ẹ sì kọ ọ́ kedere pé kí ìtọ́jú máa lọ títí ìdájọ́ á fi wáyé. Bí ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ètò náà bá kọ oògùn tàbí ìtọ́jú kan tí dókítà kọ, ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ náà ni ẹ máa kọ́kọ́ pẹjọ́ sí, láàárín ọgọ́ta ọjọ́, kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ ìpínlẹ̀. Ẹ ní kí dókítà kọ lẹ́tà tó ṣàlàyé ìdí tí ọmọ fi nílò rẹ̀. Àwọn agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pè ní legal aid ń ṣe irú ẹjọ́ yìí, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe.

Fún ọmọ tó ń súnmọ́ ọdún mọ́kàndínlógún, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù méjì ṣáájú ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ tó ti fẹ Medicaid lójú, ó lè bọ́ sínú ti àgbàlagbà bí owó bá gbà á láyè. Ní Texas, Georgia, Florida àti àwọn ìpínlẹ̀ díẹ̀ mìíràn tí kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ wo ínṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ òbí, tó gba ọmọ títí di ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tàbí ti ilé ẹ̀kọ́ gíga rẹ̀, tàbí HealthCare.gov. Ẹ má jẹ́ kó ju oṣù kan lọ lẹ́yìn tí Medicaid bá parí kí ẹ tó kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, nítorí pé àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù ínṣọ́ránsì máa ń tì.